Ìdánwò kan, ẹ̀ka márùn-ún: Èwo ni kí ọmọ tó fẹ́ gbàwé àṣẹ ẹnjiníà l'Amẹ́ríkà mú?

Bí ọmọ bá ti kàwé jáde ní yunifásítì, tó gboyè ẹnjiníà, tó sì rí ìwé ìrìnnà gbà lọ sí Amẹ́ríkà, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí nílé máa ń rò ni pé wàhálà ìwé kíkà ti parí. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí wọ́n fi máa ń gbọ́ lórí fóònù pé ọmọ náà tún ń múra ìdánwò mìíràn. Bí wọ́n bá bi í pé irú ìdánwò wo ni, á ní PE ni. Bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ni yóò ṣe é, á ní òun kò tíì mú ẹ̀ka tí òun yóò ṣe. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń rú òbí lójú. Ṣebí iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń kọ́lé, tó ń la títì, ni ọmọ lọ kọ́? Ẹ̀ka wo ló tún kù tó fẹ́ mú?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fojú kékeré wò. Oṣù mélòó kan ni ọmọ náà yóò fi máa kàwé lóru lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Owó ìdánwò náà nìkan jẹ́ 400 dọ́là, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi yóò san òmíràn kó tó tún jókòó ṣe é. Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ àti àfikún owó oṣù wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de èsì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó bá yege ni ìjọba yóò fún láṣẹ láti buwọ́ lu àwòrán ilé, afárá àti dáàmù tí ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lókè òkun.

Oyè yàtọ̀ sí àṣẹ

L'Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gboyè ẹnjiníà, ọ̀tọ̀ ni kó ní àṣẹ láti dá dúró ṣe iṣẹ́ náà fún ará ìlú. Ẹni tó gboyè lè ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́, ó lè ya àwòrán, ó lè ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni yóò ti máa ṣe é. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ yìí ni wọ́n ń pè ní Professional Engineer, tí wọ́n gé kúrú sí PE. Òun ló ni òǹtẹ̀, òun ló ń buwọ́ lùwé, òun náà sì ni òfin yóò mú bí nǹkan bá yíwọ́. Ẹ fi wé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán àti ẹni tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù. Àwọn méjèèjì lè mọ aṣọ rán, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tó gbà á ní Texas kò kàn lè gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ sí Georgia kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Àjọ tó ń ṣètò rẹ̀ ni National Council of Examiners for Engineering and Surveying, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NCEES. Ọdún 1920 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Kí ènìyàn tó dé ìdí PE, àtẹ̀gùn kan wà tó gbọ́dọ̀ gùn. Àkọ́kọ́ ni oyè yunifásítì. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà ló ti gbà á, wọ́n á yẹ àwọn iṣẹ́ tó kọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Bí nǹkan kan bá dín, wọ́n lè ní kó lọ kún un. Èkejì ni ìdánwò FE, tó ní ìbéèrè 110, tó sì dá lórí ohun tí wọ́n kọ́ ní yunifásítì. Ẹ̀kẹta ni ìrírí iṣẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún 4 lábẹ́ ẹni tó ti jẹ́ PE. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò PE fúnra rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbà kí ènìyàn ṣe ìdánwò náà kí ọdún 4 tó pé, ṣùgbọ́n wọn kì í fún un ní ìwé àṣẹ títí ìrírí rẹ̀ yóò fi pé.

Àjálù ló bí òfin náà

Àwọn kan lè sọ pé òyìnbó fẹ́ràn wàhálà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn, a ó rí i pé ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi kọ́gbọ́n.

Ìpínlẹ̀ Wyoming ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní ọdún 1907. Nígbà náà, àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà rárá, títí kan àwọn lọ́yà, ló ń ya àwòrán tí wọ́n fi ń tọrọ àyè láti fa omi lọ sí oko. Ìjọba rí i pé àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbára lé, ni wọ́n bá ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ.

Àwọn mìíràn kò tètè gbọ́n, àfìgbà tí ojú wọn rí màbo. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1928, dáàmù St. Francis tó wà ní àríwá ìlú Los Angeles ya. Omi náà gbá ilé, oko àti ènìyàn lọ títí ó fi dé òkun. Àwọn tó kú lé ní 400. William Mulholland tó kọ́ dáàmù náà kì í ṣe òpè. Òun ló fa omi láti ọ̀nà jíjìn wọ Los Angeles, tí gbogbo ènìyàn sì ń kan sáárá sí i. Iṣẹ́ omi ló mọ̀. Ohun tí kò yé e tó ni òkúta àti ilẹ̀ tí dáàmù náà fẹ̀yìn tì. Nǹkan bíi wákàtí 12 kí dáàmù náà tó ya, wọ́n pè é wá wo ibi tó ń jò, ó wò ó, ó sì ní kò séwu. Ní ọdún 1929, California ṣe òfin pé ẹnjiníà tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó sì gba àṣẹ.

Ní Texas, afẹ́fẹ́ gáàsì tó ń jò ló gbiná ní ilé ìwé kan ní New London, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1937. Àwọn tó kú sún mọ́ 300, ọmọ ilé ìwé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún yẹn náà ni Texas ṣe òfin tirẹ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Kansas City ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1981 tún yàtọ̀. Afárá méjì tí wọ́n so rọ̀ nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency já lu àwọn tó ń jó nísàlẹ̀. Ènìyàn 114 ló kú. Wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe so irin tó gbé àwọn afárá náà rọ̀ padà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ìyípadà náà sì sọ ẹrù tí ojú ìsopọ̀ kan ń gbé di ìlọ́po méjì, láìsí ẹni tó jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn ẹnjiníà tó buwọ́ lu iṣẹ́ náà pàdánù ìwé àṣẹ wọn ní ìpínlẹ̀ Missouri. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Mulholland ló kan ohun tí à ń sọ. Ènìyàn lè mọ omi kó má mọ ilẹ̀. Ó lè mọ ilẹ̀ kó má mọ irin. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pín ìdánwò ẹnjiníà tó ń kọ́lé, tó ń la títì, sí ẹ̀ka márùn-ún, tí wọ́n sì ní kí olúkúlùkù mú ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí

Títí di ọdún 2021, orí ìwé ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Wọ́n gbà kí ènìyàn kó ìwé wọlé, àwọn kan a sì máa fi àpótí ẹlẹ́sẹ̀ wọ́ ìwé wá bí ẹni tó ń lọ sí ọjà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, orí kọ̀ǹpútà ni, ní àwọn gbọ̀ngàn ìdánwò Pearson VUE, ènìyàn sì lè mú ọjọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò sí pé à ń kó ìwé wọlé mọ́. Ìwé atọ́nà kan tí NCEES ṣe ni wọ́n á gbé sí ojú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àwọn ìwé òfin iṣẹ́ tó bá ẹ̀ka náà mu. Ọ̀fẹ́ ni ènìyàn lè gba ìwé atọ́nà náà láti fi kàwé nílé. Kódà ẹ̀rọ ìṣirò tí ènìyàn fẹ́ mú wọlé gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí àjọ náà dárúkọ.

Ìbéèrè 80 ni, wákàtí 8 sì ni wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú 6 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófìfo.

Ìyípadà tó tóbi jù ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè 40 ti òwúrọ̀ jẹ́ ti gbogbogbòò, bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe é. Ìbéèrè 40 ti ọ̀sán nìkan ló wá láti inú ẹ̀ka tí olúkúlùkù mú. Báyìí, wọ́n ti yọ ti òwúrọ̀ kúrò. Inú ẹ̀ka tí ènìyàn bá mú ni gbogbo ìbéèrè 80 náà ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpìlẹ̀ kan ṣì wọ inú ara wọn. Ìtumọ̀ èyí ni pé tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá ṣi ẹ̀ka mú, ìdajì ìdánwò ló bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nísinsìnyí, odindi ni.

Ẹ̀ka márùn-ún náà rèé

Ẹ̀ka kìn-ín-ní ni Structural, ìyẹn ti egungun ilé àti afárá. Òpó, àjà, irin, kọ́ńkéré, igi àti búlọ́ọ̀kù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹrù tí ilé ń gbé, agbára atẹ́gùn àti ti ìmìtìtì ilẹ̀. Ohun tó mú un le ni ìwé òfin iṣẹ́ tó pọ̀: ti kọ́ńkéré wà lọ́tọ̀, ti irin wà lọ́tọ̀, ti afárá, ti igi àti ti búlọ́ọ̀kù náà wà lọ́tọ̀. Ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà ní láti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn yunifásítì wa fi kọ́ni ní BS 8110, ìwé òfin kọ́ńkéré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. L'Amẹ́ríkà, ACI 318 ni wọ́n ń lò, ẹsẹ̀ bàtà, íǹṣì àti pọ́n-ùn ni wọ́n sì fi ń wọn nǹkan jù. Ohun tí ènìyàn ti mọ̀ sórí ni yóò tún padà kọ́. Bákan náà, àwọn ìpínlẹ̀ bí Illinois àti Hawaii ní ìwé àṣẹ mìíràn tó ju PE lọ fún iṣẹ́ egungun ilé. SE ni wọ́n ń pè é. Apá mẹ́rin ni ìdánwò rẹ̀ pín sí, gbogbo rẹ̀ sì lé ní wákàtí 20.

Ẹ̀ka kejì ni Geotechnical, ìyẹn ti ilẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ ni ó tètè máa yé jù. Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ àkùrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkè, pé amọ̀ ń wú bí òjò bá rọ̀, tó sì ń sán bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Irú ìmọ̀ yìí ni ẹ̀ka náà fi ìṣirò gbé yọ: ìpìlẹ̀ ilé, òpó tí wọ́n ń gbá wọlẹ̀ jìn, ògiri tó ń dá yẹ̀pẹ̀ dúró, ẹ̀gbẹ́ òkè tó lè ya, omi tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ jò. Ibi tí ọ̀rọ̀ dáàmù St. Francis ti bà jẹ́ gan-an nìyí.

Ẹ̀ka kẹta ni Transportation, ti títì àti ọkọ̀. Bí kọ́ọ̀nù ṣe gbọ́dọ̀ yí kí ọkọ̀ má baà takìtì, bí ojú ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ tó kí awakọ̀ tó lè rí ohun tó wà níwájú kó sì dúró, bí iná oríta ṣe ń darí ọkọ̀, bí ọ̀dà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, bí omi ṣe ń kúrò lójú títì. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe títì, ojoojúmọ́ ló ń ṣí àwọn ìwé òfin ẹ̀ka yìí.

Ẹ̀ka kẹrin ni Water Resources and Environmental, ti omi àti ìmọ́tótó àyíká. Omi inú páìpù, omi odò, ìkún omi, kànga, omi mímu àti omi ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Àǹfààní kan tó ní fún ẹni tó ti ilé wá ni pé omi kò ní ẹ̀yà. Bó ṣe ń ṣàn ní odò Ọ̀ṣun náà ló ń ṣàn ní Mississippi. Òfin ìṣàn omi tí ọmọ kọ́ nílé kò yí padà, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ̀ka karùn-ún ni Construction, ti iṣẹ́ orí ilẹ̀ gan-an. Iye yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa kó, iye owó tí iṣẹ́ máa ná, ètò ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, yíyẹ kọ́ńkéré wò bóyá ó dára, pákó tí wọ́n fi ń gbé àjà ró, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè, àti ààbò àwọn òṣìṣẹ́.

Báwo ni kí ó ṣe mú un?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọmọ bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni mò ń ṣe lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́? Ìdí ni pé ìdánwò yìí kì í ṣe ti ọmọ yunifásítì. Ẹni tó ti lo ọdún 4 lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ kì í tètè yọ́ mọ́ ọn lọ́kàn nínú ìdánwò. Bí iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀ka tó fẹ́ràn ní yunifásítì bá jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí àròyé mọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń díjú ni kí ọmọ ti kọ́ egungun ilé ní yunifásítì, kí iṣẹ́ tó rí sì jẹ́ ti títì. Ohun tó dára jù ni kó lọ gba àkọsílẹ̀ tí NCEES ṣe fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, èyí tó sọ gbogbo àkòrí tí wọ́n lè béèrè àti iye ìbéèrè tó lè ti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá. Kó gbé ti ẹ̀ka méjì tó ń rò síwájú. Kó fi àmì sí àkòrí tó mọ̀ débi pé ó lè kọ́ ẹlòmíràn. Kó fi àmì mìíràn sí èyí tó ti mọ̀ rí, ṣùgbọ́n tó ti gbàgbé. Kó fi ẹ̀kẹta sí èyí tí kò tilẹ̀ gbọ́ rí. Bó bá ka àwọn àmì náà, ìwé náà fúnra rẹ̀ ló máa sọ ibi tó yẹ kó lọ.

Lẹ́yìn èyí, kó ra ìbéèrè àpẹẹrẹ tí àjọ náà ń tà, kó jókòó ti aago, kó sì dáhùn díẹ̀ nínú ti ẹ̀ka méjèèjì. Kì í ṣe iye tó gbà nìkan ni kó wò. Kó wo iye ìṣẹ́jú tó lò, kó sì wo bóyá ó mọ ojú ewé tí ìdáhùn wà nínú ìwé òfin. Ẹni tó ní láti máa wá gbogbo nǹkan nínú ìwé, ìṣẹ́jú 6 kò lè tó o.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀ka tí àwọn bá mú ni wọ́n máa dè mọ́ àwọn lọ́rùn títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, PE lásán ni wọ́n máa kọ sínú ìwé àṣẹ, wọn kì í kọ ẹ̀ka ìdánwò síbẹ̀. Ẹni tó ṣe ti omi lè di ẹni títì lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ náà ní kí ẹnjiníà má buwọ́ lu iṣẹ́ tí kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìwé àṣẹ ṣí ilẹ̀kùn ni, kò sọ ènìyàn di amòye nínú gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá sì ń gbé ní California ní láti fi ìdánwò méjì kún un, ọ̀kan lórí ìmìtìtì ilẹ̀, èkejì lórí wíwọn ilẹ̀.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àṣìṣe kìn-ín-ní ni títẹ̀lé ẹnu ayé. Wọ́n á ní ẹ̀ka kan rọrùn, wọ́n á ní NCEES fúnra rẹ̀ gbé iye àwọn tó yege jáde. Òótọ́ ni pé àjọ náà ń gbé e jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ẹ̀ka kan kì í ṣe àwọn tó ṣe èkejì. Bí ọjà abúlé kan bá ta ju ti abúlé kejì lọ, ìyẹn kò sọ pé bí ìyá alátà bá kó igbá rẹ̀ lọ síbẹ̀, òun náà á tà. Ó lè jẹ́ pé iṣu ni wọ́n ń wá rà níbẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n gbà pé Construction kò lè ṣòro fún àwọn. Wọ́n á débẹ̀, wọ́n á bá ìṣirò nípa ẹ̀rọ tó lè takìtì, pákó tí kọ́ńkéré tútù lè tì wó, àti ètò iṣẹ́ tó lọ́ mọ́ra wọn. Rírí iṣẹ́ lójú yàtọ̀ sí ṣíṣe ìṣirò rẹ̀.

Àṣìṣe kẹta ni ti àwọn tó sá lọ sí ẹ̀ka omi nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ìwé òfin rẹ̀ kò pọ̀. Bí ènìyàn kò bá ṣe iṣẹ́ omi rí, ìwé tí kò pọ̀ kò lè gbà á.

Àṣìṣe kẹrin ni kíka ẹ̀ka méjì pọ̀ títí ìdánwò yóò fi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa. Kí ọmọ fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yẹ̀ ẹ́ wò, kó mú ọ̀kan, kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì.

Bí kò bá yege ńkọ́?

Kì í ṣe òpin ayé. Wọ́n lè ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín oṣù 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kan lè ní òfin tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. NCEES kì í sọ máàkì tí wọ́n fi ń yege. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò yege máa ń rí ìwé gbà tó fi bó ṣe ṣe sí nínú àkòrí kọ̀ọ̀kan hàn.

Ìwé yẹn ni kó fi ṣe ìpinnu, kì í ṣe omijé. Bó bá jẹ́ pé àkòrí méjì tàbí mẹ́ta ló fà á sẹ́yìn, kó dúró nínú ẹ̀ka náà, kó lọ tún ibẹ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló rẹlẹ̀ bó tilẹ̀ kàwé dáadáa, ìgbà yẹn ló tó láti bi ara rẹ̀ bóyá ẹ̀ka náà ni kò bá a mu. Ẹni tó ń sá láti ẹ̀ka kan bọ́ sí èkejì lẹ́yìn ìfìdírẹmi kọ̀ọ̀kan dà bí àgbẹ̀ tó ń hú ègé lóṣooṣù láti wò ó bóyá ó ti ta.

Ti ilé wa náà kò gbẹ́yìn

Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀. Ọdún 1958 ni ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, NSE, bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1970 ni ìjọba ṣe òfin tó dá COREN sílẹ̀, àjọ tó ń fún ẹnjiníà ní àṣẹ iṣẹ́. Ẹni tó bá ní ti COREN gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyẹn kò sọ ọ́ di PE l'Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni PE náà kò sọ ènìyàn di ẹni COREN nílé.

Ohun tí àwa náà ti fojú rí kò kéré. Ilé tó wó ní Ìta Fàájì, l'Ékòó, ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní 40. Bí irú nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ táwọn ènìyàn ń béèrè ni pé ta ló buwọ́ lù ú, kí ló sì mọ̀? Ìbéèrè yẹn náà ni ìdánwò PE ń gbìyànjú láti dáhùn kí ilé tó dìde.

Ọ̀rọ̀ di ọwọ́ òbí

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òbí lè má mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó lè ṣe. Ẹ má ṣe fi ọmọ yín wé ọmọ aládùúgbò tó ti gbàwé àṣẹ ní Maryland. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ka títì nìyẹn ṣe, tó sì jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni tiyín ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe gbé ìnáwó ìsìnkú tàbí ìkọ́lé tó lè dúró ka ọmọ láyà ní oṣù tó bá ku díẹ̀ kó jókòó. Bó bá ní òun ń kàwé, ẹ fi í sílẹ̀ kó kà.

Bó bá sì pè yín lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tó ní ẹ̀ka méjì ń bá òun jà lọ́kàn, ẹ má bi í pé èwo lówó wà nínú rẹ̀. Ẹ bi í pé: “Iṣẹ́ wo lo ṣe láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì tó kọjá?” Kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé níbi tó bá ti ń ṣàlàyé fún yín ni òun fúnra rẹ̀ yóò ti gbọ́ ìdáhùn.